Ọ̀wẹ̀ Fífọ Wíìlì ní Gjuvlia

Kéèkì ni wọ́n fi pàdé Gyrid lọ́jọ́ tó ti ilé ìwòsàn dé. Kéèkì oníkíríìmù ni, ó ga, wọ́n to èso pupa sórí rẹ̀. Gbogbo ilé méjèèje tó wà ní Gjuvlia, abúlé orí òkè, ló tú jáde, wọ́n dúró sí àgbàlá rẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí i bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè bọ̀. Ẹ wò ó, opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín tí egungun ìbàdí rẹ̀ fi kán, ni wọ́n ń pàdé bí ìyàwó tuntun.

"Rọra sọ̀kalẹ̀ o!" Borghild ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. "Bó o bá máa kán èkejì, kọ́kọ́ jẹ kéèkì mi ná!"

Borghild yìí, agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ilé kan lórí òkè yẹn tí kò gbẹ̀bí nínú rẹ̀. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, ẹ yàgò fún un. Ó máa ń fọwọ́ kó tó jẹun, á tún fọ̀ ọ́ tó bá jẹun tán, bó bá sì wọ ilé yín, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí abẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n àánú ń bẹ lójú rẹ̀. Nígbà tí Eilert ọkọ Gyrid ń kú lọ, òun ló jókòó tì í títí ẹ̀mí fi bọ́. Gbogbo ìgbà tí Gyrid fi wà nílé ìwòsàn yìí náà, òun ló ń fún ológbò rẹ̀ lóúnjẹ, òun ló ń bomi rin òdòdó ojú fèrèsé.

"A ní nǹkan kan tá a fẹ́ fi hàn ọ́," ló wí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Ó yá, dijú."

"Borghild, orí ọ̀pá méjì ni mo wà. Bí mo bá dijú, ilẹ̀ ló kù tí màá bá ara mi."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra mú un gba ẹ̀yìn ilé, ó di ilé pákó kékeré tí táǹkì wà. Ara Gyrid ti kọ́kọ́ fu díẹ̀, torí òun ló ń tọ́jú rẹ̀, kò sẹ́ni mìíràn tó máa ń débẹ̀.

Inú táǹkì yẹn ni gbogbo omi ìdọ̀tí ilé méjèèje ń ṣàn wá: omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ilé ìyàgbẹ́. Àwọn wíìlì ike kéékèèké ló kún inú rẹ̀, wọn ò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti ìsàlẹ̀ tí wọ́n sì ń yí po tọ̀sán tòru. Bẹ́ ẹ bá bu ọ̀kan sọ́wọ́, ó yẹ kó dọ̀tí. Ó yẹ kó ní àwọ̀ kọfí, kó máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ara ẹja, kó máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ohun tó ń yọ̀ yẹn gan-an ni òṣìṣẹ́. Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló kún inú rẹ̀, àwọn ló ń jẹ ìdọ̀tí omi kí omi tó jáde.

Gyrid wo inú táǹkì. Àwọn wíìlì náà funfun báláú.

"A fọ̀ wọ́n!" Sveinung tó ń gbé ilé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ọ̀wẹ̀ tọdún yìí, ìwọ la fi ṣe! Àwọ̀n ẹja la fi kó wọn jáde. Inú báàfù mi la ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Mo ní ó ti tó, obìnrin yìí ní kò tíì tó, àfi ká da bílíìṣì sí i."

"Gyrid, ìdọ̀tí tó wà lára wọn!" Borghild gbá àyà mú. "Mi ò mọ bó o ṣe ń fara dà á. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ o, ìdí ló ń dùn ọ́, o ò ráyè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣan omi rẹ̀. Wò ó, o lè fi jẹun!"

Gyrid di igi ilẹ̀kùn mú.  Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń retí ohun tó máa sọ.

Kí ló dé tí kò wí nǹkan kan? Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ní Gjuvlia, bí ìrúwé bá ti dé, kí ọjọ́ àsíá, àjọ̀dún orílẹ̀-èdè wọn, tó pé, gbogbo ilé á jáde ṣọ̀wẹ̀. Wọ́n á kun ọgbà, wọ́n á gbá ojú ọ̀nà, wọ́n á tún ilé ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ṣe. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀, wọn kì í bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Sveinung yìí náà ló ṣe é nígbà kan: wọ́n kun ọgbà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó ní pupa lòun fẹ́. Ó pẹ́ tí wọ́n ti kùn ún, ọ̀dà náà ti ṣí kúrò lára igi, síbẹ̀ "Ọ̀gá Ọlọ́dà" ni wọ́n ṣì ń pè é títí dòní. Ọ̀rọ̀ ọgbà lásán nìyẹn o.

"Ẹ ṣeun," ni Gyrid wí. "Ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

Borghild gbá a mọ́ra. Wọ́n padà síbi kéèkì. Gyrid jẹ ẹ́, kò mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu. Ó rí i pé Borghild ń wo ojú òun, ó sì na àwo rẹ̀ síwájú. "Bù sí i fún mi," ló wí. "Ó dùn."

Ẹja ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Omi tó bá jáde nínú táǹkì, inú odò kékeré kan ló ń wọ̀, odò náà ló sì ń ṣàn sínú adágún kékeré tí Eilert fi òkúta mọ yípo. Ibẹ̀ ni ìran ẹja Gjuvtjønn, adágún ńlá orí òkè, kù sí. Nígbà tí Gyrid ṣì jẹ́ ọmọge, òjò kíkan tí èéfín ilé iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn bà jẹ́ rọ̀ sórí òkè yẹn lọ́dọọdún títí gbogbo ẹja adágún ńlá fi kú, ìyẹn ẹja alámì pupa tí wọ́n ń pè ní ørret, tí àwọn baba ńlá wọn ń jẹ. Eilert ló kó ìwọ̀nba tó kù sínú korobá, ó pọ̀n wọ́n sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ. Títí dòní omi òkè ṣì kan. Èyí tí wọ́n dán wò tí wọ́n dá padà síbẹ̀, kíá ló kú. Torí ẹja yìí ni Eilert fi bẹ ilé méjèèje títí wọ́n fi gbà láti ra táǹkì. Nígbà tó sì ń kú lọ, ohun kan ṣoṣo ló bẹ ìyàwó rẹ̀: "Má jẹ́ kí wọ́n tán."

Lọ́dún tó kọjá, ẹranko apẹja kan wọ inú adágún, ó jẹ àwọn abo ńlá. Abo kan ṣoṣo, tí Gyrid ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kù tó dàgbà tó láti yé ẹyin. Òun ni Gyrid ń tẹ nínú ní ìgbà ìwọ́wé kí ẹyin lè jáde, kó lè fi pa ọmọ ẹja. Àwọn yòókù, akọ ni wọ́n, àtàwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò tíì gùn tó ìka.

Lọ́jọ́ kejì tí Gyrid dé, ìfóófòó funfun bo ojú táǹkì. Òórùn rẹ̀ yí padà. Omi tó ń jáde kò mọ́ gaara mọ́, ó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo wàrà. Yìnyín òkè ti yọ́ tán tipẹ́ lọ́dún náà, odò ti fà, kò sí omi púpọ̀ tó lè la ìdọ̀tí yẹn. Gyrid mọ̀ pé ohun yíyọ̀ yẹn á tún hù, ṣùgbọ́n nínú omi tútù bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni. Ẹja ò lè dúró dè é. Àfi kó rí wíìlì tó ti dọ̀tí láti ibòmíràn, kí wọ́n fi ṣe èèhù fún tirẹ̀, kí kòkòrò ara wọn lè ràn.

Ó pe Torleiv, ẹni tó ń tọ́jú táǹkì àwọn ilé ìsinmi tó wà lókè. Irú wíìlì kan náà ni wọ́n ń lò.

"Dúrọ́ọ̀mù méjì péré, Torleiv. Jọ̀ọ́."

"Ìyá Gyrid, ilé ìsinmi máa kún àkúnya lọ́sẹ̀ yìí. Bí mo bá bu tèmi fún yín, kí ni màá fi ṣiṣẹ́? Kí ló ṣe tiyín?"

 Bó bá sọ ọ́ fún Torleiv, á ti dé etí Borghild kí ọjọ́ tó kanrí.

"Wọ́n... wọ́n ṣàdédé bà jẹ́ ni."

"Wọ́n ṣàdédé bà jẹ́." Torleiv kò gbà á gbọ́, ó hàn nínú ohùn rẹ̀. "Ẹ pè mí lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, ìyá."

"Ẹja mi á ti kú nígbà yẹn!"

"Ẹja kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ra òmíràn lọ́jà, ìyá mi. Ó dàbọ̀."

Gyrid sunkún lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ò tíì fẹ́ wọ̀, ó wọ́ ara rẹ̀ lọ sí etí adágún. Àwọn ẹja ti gòkè sójú omi, wọ́n ń yanu. Afẹ́fẹ́ ti tán nísàlẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta, ó gbé ọ̀pá ìtìlẹ́yìn rẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu omi kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ìbàdí ń ro ó, ó ń lu omi. Apá ń ro ó, ó ń lu omi.

"Gyrid! Kí lomi ṣe fún ọ tó o ń nà án báyìí?"

Borghild ni, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání, ó fi aṣọ funfun bò ó.

Ẹ gbọ́, ibi tó ti yẹ kó sọ ọ́ nìyẹn. Èèyàn kankan ò sí níbẹ̀ ju àwọn méjèèjì lọ. Gyrid la ẹnu. Ó rí aṣọ funfun tí Borghild ti lọ̀ tó sì ká mọ́ ọrùn ìkòkò. Ó rí ọwọ́ tó pa ojú Eilert dé.

"Dókítà ló ní kí n máa lo apá mi," ló wí.

"Dókítà wo nìyẹn? Mi ò rírú ẹ̀ rí." Borghild gbé ìkòkò kalẹ̀, ó wo inú omi. "Ó dà bí pé ebi ń pa àwọn ẹja rẹ. Wò ó bí wọ́n ṣe ń yanu sí ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Gyrid wí. "Ebi ni."

Bí ilẹ̀ ti mọ́, akọ mẹ́ta ti léfòó. Ó gbé wọn sínú korobá, ó sin wọ́n sẹ́yìn ilé kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ẹ má bínú, inú ń bí mi sí i bí mo ti ń sọ ọ́. Èèyàn ń sin òkú ẹja níkọ̀kọ̀ nítorí pé wọ́n fún un ní kéèkì! Lọ́jọ́ kejì ó tún sin òmíràn. Ó gbìyànjú láti fi ọgbọ́n bẹ àwọn ará ilé méjèèje pé kí wọ́n má fi bẹ́ẹ̀ da omi nù, ó ní ẹ̀rọ ni ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Sveinung ní kò burú, ó sì wọlé lọ wẹ̀, torí ọjọ́ àsíá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ni ò ní wẹ̀ fún ọjọ́ àsíá? Gbogbo ilé ló ń fọ aṣọ, tó ń fọ irun, tó ń fọ aṣọ fèrèsé. Gbogbo ọṣẹ Gjuvlia ló ń ṣàn lọ bá Ìyá Àgbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àsíá, wọ́n péjọ sí àgbàlá Sveinung. Wọ́n fa àsíá sókè, wọ́n kọrin, wọ́n wọ aṣọ ìbílẹ̀, àwọn obìnrin fi fàdákà sí àyà. Ẹja salmon tí wọ́n fi èéfín yan wà lórí tábìlì, ẹyin wà níbẹ̀, ẹ̀kọ wàrà kíkan náà wà níbẹ̀. Gyrid ti kọ́kọ́ gba etí adágún kó tó wá. Ìyá Àgbà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ṣì ń mí.

Gyrid dìde. Ó fi ṣíbí kan kọ́ọ̀bù. Wọ́n rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni, àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ sílẹ̀ dè é.

"Àwọn wíìlì tẹ́ ẹ fọ̀," ló wí, "ìdọ̀tí ara wọn ló ń fọ omi. Ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ti pa á. Omi tá à ń dà nù, bó ṣe wà ló ń lọ báyìí, àwọn ẹja Eilert sì ń kú. Wọ́n ti ń kú láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo mọ̀, mi ò sọ. Ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi kankan nù mọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

 Sveinung fẹ́ fi ṣàwàdà, ó ní, "Ṣé ó ti wá di pé kí èmi àtìwọ jọ máa jẹ́ Ọ̀gá Ọlọ́dà ni..." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì parí rẹ̀. Borghild gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀. Kò wo Gyrid lójú. Ó dìde, ó jáde ní àgbàlá, wọ́n gbọ́ bí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ṣe pa dé.

Ó tán, ni Gyrid wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹja lọ, ọ̀rẹ́ lọ.

Kò pẹ́ tí fèrè ọkọ̀ fi ké lójú ọ̀nà. Borghild ló wà nídìí ọkọ̀, aṣọ ìbílẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ti to dúrọ́ọ̀mù sínú rẹ̀.

"Kí lò ń wò? Wọlé! Ta ló tún ní wíìlì tó dọ̀tí lórí òkè yìí?"

Lójú ọ̀nà, Gyrid ròyìn ohun tí Torleiv sọ lórí fóònù fún un. Níwájú géètì ilé ìsinmi, Torleiv wọ kóòtù dúdú, àwọn ọmọ rẹ̀ dúró tì í, wọ́n mú àsíá kékeré lọ́wọ́.

"Torleiv," Borghild wí, kò tiẹ̀ kí i. "Ṣí géètì. A fẹ́ bu wíìlì."

"Ìyá, mo ti bá Ìyá Gyrid sọ ọ́ lórí fóònù pé..."

"Ìdí lo fi wá sáyé. Ìdí! Yìnyín dí ọ̀nà, dókítà ò lè débẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi yí ọ nínú ìyá rẹ. Ṣé mo ní kó o padà wá lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Etí Torleiv pọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, níwájú àwọn ọmọ..."

"Ṣí i, àbí kí n sọ èyí tó kù."

Ó ṣí i. Ó bọ́ kóòtù, òun fúnra rẹ̀ ló fi àwọ̀n kó wọn, wíìlì aláwọ̀ kọfí tó ń yọ̀, ó kó wọn kún dúrọ́ọ̀mù tòun tomi. "Ká ní ẹ̀yin lẹ pè mí látìbẹ̀rẹ̀, ìyá," ló wí fún Borghild, "ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti gbé e wá bá yín. Mo rò pé ìyá yìí fẹ́ fi mí ṣeré ni, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."  Gyrid gbọ́ ọ, ó sì gbójú sílẹ̀.

Wọn ò lè fi ìdérí bo dúrọ́ọ̀mù yẹn. Bí àwọn kòkòrò yẹn ò bá rí afẹ́fẹ́, ojú ọ̀nà ni wọ́n máa kú sí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa rò ó. Borghild ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí Torleiv, ó gun kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó ká apá aṣọ rẹ̀ tí wọ́n fi òwú ṣọnà sí, ó ki ọwọ́ bọ inú ìdọ̀tí ilé onílé títí dé ìgbọ̀nwọ́. Gyrid ń wò ó láti inú gíláàsì ẹ̀yìn. Ní gbogbo kọ́nà òkè yẹn, bí ọkọ̀ ṣe ń fì í sọ́tùn-ún sósì, Borghild kò yọ ọwọ́. Omi ìgbẹ́ ń ta sí fàdákà àyà rẹ̀, ó ń rò ó.

Nígbà tí wọ́n dé, kò sí omi kankan tó ń ṣàn wọ táǹkì. Ilé méjèèje ti ti ẹ̀rọ omi. Wọ́n da àwọn wíìlì náà sáàárín àwọn tó funfun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ariwo omi nísàlẹ̀.

Gbogbo Gjuvlia ló wà nínú adágún. Sveinung àtàwọn yòókù ti wọ inú omi tòun taṣọ ìbílẹ̀, wọ́n mú àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́, wọ́n ń lu omi, omi ń ta sókè bò wọ́n lójú. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n rí Gyrid, wọ́n dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀.

Sveinung na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ìyá Àgbà ló gbé dání. "Kò tíì pẹ́ tó kú," ló wí. "Mo gbé e dúró nínú omi, mo ń gbé orí rẹ̀ síbi tí odò ti ń wọlé. Gyrid, mo gbìyànjú."

Gyrid gbà á. Ó ṣì rọ̀, àmì pupa ara rẹ̀ ṣì ń dán. Gyrid jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé e lé itan.

Borghild tẹ̀ ba sétí odò, níbi tí omi ti ń ya wọ adágún. Ó ń fi ojú wá. "Àwọn kan wà níbí o," ló wí. "Lábẹ́ òkúta. Kékeré ni wọ́n. Wọ́n ń mira."

"Akọ ni, àbí abo?" Sveinung ló béèrè.

"Èèyàn ò lè mọ̀," Gyrid dáhùn. "Àfi bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí wọ́n bá yè."

Borghild dìde, ó wá jókòó tì í lórí koríko tútù. Ìdọ̀tí ti gbẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, kò nù ún. Ó wo ẹja tó wà lórí itan Gyrid.

"Ìgbà wo gan-an lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí mo dé. Bí mo ṣe wo inú táǹkì."

"Kí á tó gé kéèkì."

"Kí á tó gé e."

 Àwọn tó wà nínú omi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu omi.

"O ní kí n bù sí i fún ọ," Borghild wí. "O ní ó dùn."

 Gyrid ń fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ẹja náà, bí ẹni pé ó ṣì lè mọ̀ ọ́n lára.